Fọ́tò ìbejì tí mo yà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), lọ́wọ́ ayàwòrán ará Kétu

45,000 sẹ́fà ni mo san fún fọ́tò kan ṣoṣo, ọ̀sẹ̀ méje ni mo sì fi dúró kó tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fọ́tò kíákíá, kó gba ẹ̀bá ọjà Wándò lọ, àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ ìbejì tí èkejì rẹ̀ ò sí mọ́, tàbí ẹni tí ènìyàn rẹ̀ lọ láìfi àwòrán sílẹ̀, kó fara balẹ̀ ka èyí. Owó yẹn ò dùn mí. Mo máa sọ ohun tó dùn mí náà, nítorí kò sí iṣẹ́ tí kò ní àléébù.

Kẹ́hìndé ni mí. Aṣọ ni mo ń tà, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà ní Wándò. Táíwò mi, ọkùnrin ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wá nígbà tí ibà mú un lọ. Ní àdúgbò tí wọ́n ti tọ́ wa, àwọn Gùn ló yí wa ká, àwọn Gùn kì í sì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n á ní ó lọ wá igi nínú igbó. Ìyá mi gba ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ra, òun ló ń sọ títí dòní: Táíwò lọ ṣẹ́gi. Àlùfáà ni bàbá wa, kò gbà kí wọ́n gbẹ́ ère fún un. Ó ti ṣèlérí pé a máa ya fọ́tò ní Iléyá ọdún yẹn. Iléyá ò tíì dé tí Táíwò fi lọ. Nítorí náà kò sí ère, kò sí fọ́tò. Ìyá mi ti di ẹni ọdún 78, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, mo sì rí i pé bí n kò bá ṣe nǹkan kan báyìí, ẹ̀pa ò ní bóró mọ́.

Oníbàárà mi ni ayàwòrán yìí kí èmi tó di oníbàárà rẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀, òun ló bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀. Kò gbé pátákó síta, ẹnu dé ẹnu ló fi ń rí èrò. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wá sí ìsọ̀ mi, ó ní kí ọmọ mi di etí aṣọ kan mú kó dúró sójú oòrùn. Òun fúnra rẹ̀ wá fà sẹ́yìn, ó di ojú kan, ó ń wò ó. Mo gbé àwọn tó ń tàn sílẹ̀ fún un, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kò tiẹ̀ yíjú sí wọn. Aláwọ̀ ẹlú kan tó ti wà lábẹ́ àwọn yòókù fún bí ọdún mẹ́ta, tí etí rẹ̀ ti ṣá, òun ló mú. Ó ní, “Ìyá aláṣọ, èyí ò ní bá ojú ènìyàn jà.” Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ọkùnrin yìí mọ nǹkan. Aṣọ tó bá ń pariwo máa ń bo ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ mọ́lẹ̀. Mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn ìyàwó ọ̀ṣìngín tipẹ́tipẹ́, wọn kì í gbọ́.

Ilé rẹ̀ wà lápá Oganla, ọ̀kan nínú àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́ tí wọ́n kọ́ bíi ti àwọn Àgùdà, àwọn ọmọ wa tó ti Brazil padà bọ̀, tí wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá wa náà tí àwọn àlejò máa ń rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Yàrá tó fi ń ṣiṣẹ́ kò tóbi. Fèrèsé onígi méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ṣí, ó fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo èkejì. Kì í lo fíláàsì rárá. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀, agogo mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ló fi ń ṣiṣẹ́; bí ẹ bá pẹ́ dé, ẹ padà sílé. Fáànù wà, kì í tàn án, nítorí afẹ́fẹ́ á máa mi aṣọ tó ta sẹ́yìn. Ooru mú mi gidi. Ẹ mú aṣọ ìnujú dání.

Mo bi í léèrè ibi tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ìmọ́lẹ̀. Mo rò pé yóò dárúkọ ilé ìwé kan. Ó ní alẹ́ Ẹfẹ̀ ni. Kétu ni wọ́n bí i sí, ilé wọn ò jìnnà sí Àkábà Ìdèná, ẹnubodè àtijọ́ tó ṣì dúró síbẹ̀ títí dòní. Ẹfẹ̀, òṣèré tó ń gbé ère ojú igi rù, máa ń jáde lóru, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde lọ́sàn-án. Nígbà tó wà lọ́mọdé, fìtílà ni wọ́n ń gbé sókè sí i, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ á sì gbé òun kọ́rùn kó lè rí i. Bí Ẹfẹ̀ bá yí orí sọ́tùn-ún, ojú igi náà á mọ́. Bó bá yí i sósì, òkùnkùn á gbé ìdajì rẹ̀ mì. Ó ní ìdajì tó wọnú òkùnkùn yẹn ló ń dẹ́rù ba òun, òun náà ló sì ń wu òun wò. Àwọn baba wa ní ojú tó bá rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Ní ọdún 2001, UNESCO náà kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ yẹn gbé kúrò níbẹ̀ kò ju ojú igi kan lọ, tí ìmọ́lẹ̀ ò kún tán. Mo wo àwọn fọ́tò tó wà lára ògiri rẹ̀ lẹ́yìn tó sọ̀rọ̀ yìí, mo sì rí i pé òótọ́ ni: gbogbo wọn ní apá kan tó ṣú.

Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó lọ kọ́ṣẹ́ fọ́tò ní Ìpóbẹ́. Ọdún àkọ́kọ́, omi ló ń pọn, ó ń gbálẹ̀, ó ń fọ fọ́tò. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá rẹ̀ gbé pẹ́ńsù lé e lọ́wọ́ láti máa tún ojú àwọn èrò ṣe lórí négátíìfù, kí irorẹ́ má pọ̀ jù, kí ìlà ọjọ́ ogbó rọ̀ díẹ̀. Ó ní níbẹ̀ ni òun ti mọ ojú ènìyàn, nítorí lórí négátíìfù ohun dúdú ló funfun, ohun funfun ló dúdú, ẹni tí kò bá mọ egungun ojú kò ní mọ ibi tí òun ń kùn. Ọ̀gá náà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ̀gbẹ́ jókòó: ojú kọ kámẹ́rà, ọwọ́ lórí orúnkún, ẹsẹ̀ méjèèjì délẹ̀. Bí àwọn àgbà wa ṣe ń jókòó nínú fọ́tò nìyẹn. Ẹ wo fọ́tò àwọn bàbá yín lára ògiri, ẹ ó rí i.

Ó gba òmìnira, ó wá sí Àjàṣẹ́, ó ń ya fọ́tò káàdì, ó ń ya ìgbéyàwó. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ ìjọba fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya ojú ènìyàn fún káàdì, gbogbo ọmọdé sì ní fóònù tó ń yàwòrán. Ilẹ̀ ta sí iṣẹ́ náà. Ó gun zẹ́míjáàn, alùpùpù akérò, fún ọdún méjì. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ bá mi wò, nítorí mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní láàárọ̀, bí òun bá gbé èrò láti Wándò lọ sí apá Ọ̀sà, òun á máa rí ojú wọn nínú dígí kékeré tó wà lára ọwọ́ alùpùpù. Ẹni tó ń ronú gbèsè, ẹni tó ń padà bọ̀ láti ọsibítù, ìyàwó tó sunkún lóru. Wọn ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wo àwọn, nítorí náà ojú wọn wà bó ṣe wà. Ó ní, “Fọ́tò tí mo ti yà láti ọjọ́ tí mo ti ń ya fọ́tò, kò sí èyí tó dára tó ojú inú dígí yẹn.” Ó ta alùpùpù náà, ó fi ra kámẹ́rà àlòkù kan, Mamiya RB67, tó wúwo bí òkúta, tí fíìmù rẹ̀ kì í gbà ju fọ́tò mẹ́wàá lọ. Gbogbo ènìyàn rò pé orí rẹ̀ dàrú.

Kò dá nìkan ronú ṣá o. Ó ń dárúkọ àwọn tó là á lójú bí ẹni ń ka ẹbí. Àkọ́kọ́ ni ìdílé Agbodjélou, níbí ní Àjàṣẹ́: Joseph Moïse, tí wọ́n bí ní 1912 tó sì lọ ní ọdún 2000, tó ya àwọn ará ìlú yìí sínú fọ́tò fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti ọmọ rẹ̀ Leonce Raphael tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ bàbá. Ẹ wá àwọn fọ́tò tí ọmọ náà yà ní 2012, àwọn obìnrin tó gbé ère bojú nínú ilé àtijọ́ tí ògiri rẹ̀ ti ń ṣí. Àti ti àwọn ará ìlú tó dúró síwájú aṣọ, tí aṣọ ẹ̀yìn àti aṣọ ọrùn ń bára wọn sọ̀rọ̀. Èmi aláṣọ, mo lè wo ìyẹn láti àárọ̀ dalẹ́. Ishola Akpo náà wà níbẹ̀, ẹni tó ya àwọn ẹrù ìdána ìyá rẹ̀ àgbà, tó sì wà lára àwọn mẹ́rin tó ṣojú orílẹ̀-èdè wa níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà àgbáyé ní Venice ní 2024, ìgbà àkọ́kọ́ tí Benin máa ní ilé tirẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá mi, ayàwòrán yìí, ní fọ́tò ẹrù ìdána yẹn ló kọ́ òun pé ènìyàn lè wà nínú fọ́tò láìsí nínú rẹ̀.

Ẹnìkan tún wà tó gbé kọ́ ògiri, ẹ̀dà rẹ̀ lórí ìwé lásán, tí omi ti kàn ní igun kan: fọ́tò àwọn olórìṣà tí Pierre Verger yà lágbègbè wa. Ará Faransé ni, Paris ni wọ́n bí i sí ní 1902, kámẹ́rà Rolleiflex ló gbé kọ́rùn rin ayé já. Ọdún 1953 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Ifá ní Kétu, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí, èyíinì ni pé Ifá tún un bí. Mo bi ọ̀gá bóyá kò bí i nínú pé àlejò ló ya àwọn ènìyàn wa tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ó máa ń bí òun nínú tẹ́lẹ̀. Ó ní ohun tó yí òun lọ́kàn padà ni pé ọkùnrin náà jókòó. Kì í ṣe pé ó yà wọ́n tán ó lọ. Ó jókòó ti àwọn babaláwo títí wọ́n fi fún un lórúkọ. “Ẹni tí kò bá lè jókòó,” ó ní, “kó má ya ènìyàn.” Mo fara mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì wù mí kí àwọn ọmọ Kétu fúnra wọn ní kámẹ́rà lọ́wọ́ nígbà náà.

Fọ́tò ìbejì kì í ṣe ohun tó dá sílẹ̀. Ní Ìlá Ọ̀ràngún, lápá Nàìjíríà, àwọn ayàwòrán ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́: bí ọ̀kan bá lọ, wọ́n á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á so ó pọ̀ di méjì. Bí èyí tó lọ bá jẹ́ ọkùnrin tí èyí tó kù jẹ́ obìnrin, wọ́n á wọṣọ ọkùnrin fún un. Ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ nípa rẹ̀ ní 1978. Ọ̀gá ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kọ́ òun níṣẹ́, òun ò sì gbàgbé. Àwọn àgbà kan tilẹ̀ máa ń sọ pé Ìṣokùn tí à ń kì ẹ̀jìrẹ́ sí, agbègbè Àjàṣẹ́ níbí ló wà.

Ó ní kí n mú aṣọ méjì wá, irú kan náà. Ìyẹn ò nira fún mi. Mo já ọ̀pá mẹ́jọ nínú aláwọ̀ ẹlú tó fẹ́ràn yẹn, télọ̀ rán ìró àti bùbá fún mi, ó rán bùbá, ṣòkòtò àti fìlà ọkùnrin pẹ̀lú. Àga gbọọrọ kan ló wà níwájú aṣọ ẹ̀yìn. Ó to kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó fi ẹfun yí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí ilẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má kàn án. Ó pè mí kí n wá bojú wo inú rẹ̀ láti òkè. Àga náà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tún ti di òsì, òsì ti di ọ̀tún. Ara mi bù máṣọ.

Mo fẹ́ wọ aṣọ tèmi ṣáájú. Ó ní rárá. “Ta ló kọ́kọ́ wá sáyé?” Mo ní Táíwò ni, Kẹ́hìndé ló rán an kó lọ tọ́ ayé wò. Ó ní, “Òun náà ló máa kọ́kọ́ wọnú fíìmù.” N kò mọ ohun tí ó ṣe mí, mo kàn lọ wọ ṣòkòtò náà. Mo fẹ́ máa ya ẹsẹ̀ bí ọkùnrin, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. “Ẹ má ṣe bí ọkùnrin. Ẹ jókòó bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé.” N kò sọ ọ̀rọ̀ igi àti igbó fún un rí. Ó fi páálí dúdú bo ìdajì ojú kámẹ́rà, mo jókòó sí ìdajì tó kù, ó tẹ̀ ẹ́. Mo lọ pààrọ̀ aṣọ, òun dúró ti kámẹ́rà bí ẹ̀ṣọ́. Nígbà tí mo dé pẹ̀lú ìró àti gèlè, mo jókòó sí apá kejì, ó gbé páálí lọ bo ibi tí Táíwò wà, ó tún tẹ̀ ẹ́ lórí fíìmù kan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe é. Oòrùn ti sún díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń pààrọ̀ aṣọ, ìdí nìyẹn tí apá Táíwò fi ṣú díẹ̀ ju tèmi lọ.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n wọ yàrá òkùnkùn pẹ̀lú òun, ó gbà. Gílóòbù pupa kan, abọ́ mẹ́ta, òórùn tó ń jó nímú. Ó ti ìwé funfun wọnú abọ́ àkọ́kọ́, ó ń mi abọ́ náà jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ. Kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, aṣọ ló kọ́kọ́ jáde. Aṣọ mi! Ẹlú rẹ̀ ń ṣú bọ̀ nínú omi, fìlà lápá kan, gèlè lápá kejì, kò sí ojú lábẹ́ wọn. Ojú inú wọn ló tẹ̀lé e, ẹyin ojú mẹ́rin, kí awọ ara tó wá máa yọ díẹ̀díẹ̀ yí wọn ká. Mo mọ̀ pé èmi ni. Síbẹ̀ ọkùnrin tó wà lápá ọ̀hún ń wò mí bí ẹni tó mọ̀ mí.

Ní àárín, níbi tí ìdajì méjèèjì ti pàdé, ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ṣú díẹ̀ lára aṣọ ẹ̀yìn. Mo ní kó bá mi pa á rẹ́. Kò gbà. Ó ní òun lè fi pẹ́ńsù bò ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìbejì mọ̀ pé nǹkan wà láàárín yín. Inú bí mi lọ́jọ́ náà. Báyìí mo ti rò ó, n kò tún fẹ́ kó parẹ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àléébù rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó dá fún mi, mo ti ìsọ̀ pa, mo dé ibẹ̀, kò sí nílé. Ó ti lọ wá ìwé fọ́tò ní Kútọnu, kò sì pè mí. Ọjọ́ ọjà ni, mo pàdánù èrè. Ó bẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba owó àṣansílẹ̀ yẹ kó lè tẹ aago. Lẹ́yìn ìyẹn iná lọ, iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ mélòó kan, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ tẹ̀ fún mi ní àmì àtàǹpàkò ní igun. Mo fi hàn án, ó tẹ òmíràn láìgba kọ́bọ̀. Fírémù tó ń bá a wá kò dára, ìṣó yọrí lẹ́yìn rẹ̀, ó ya mí lọ́wọ́. Ẹ gba fọ́tò nìkan, kí ẹ gbé e lọ fún káfíńtà yín. Ìdajì owó lẹ máa san ṣáájú, wọ́n ń gba ti orí fóònù. Bí ẹ bá jẹ́ aláìnísùúrù, ẹ má lọ. Kì í ya ìgbéyàwó mọ́, kì í ya ìsọmọlórúkọ, ẹ má lọ bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo gbé e lọ fún ìyá mi. Mo ti ń ronú ohun tí mo máa sọ láti ọ̀nà, n kò sì rí i sọ. Wọ́n gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sún un mọ́ ojú, wọ́n tún gbé e jìnnà. Wọ́n fi ìka kan tọ fìlà náà, wọ́n fi rìn sísàlẹ̀ dé ẹnu. Wọ́n bi mí pé ta ló gé irun fún un. Mo ní Ìyá, èmi ni o. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Wọ́n ní, “Ó ti sanra ju bó ṣe lọ. Ó pẹ́ nínú igbó.” Wọ́n gbé fọ́tò náà lé itan, wọ́n ń fi etí ìbòrí wọn nu ojú dígí rẹ̀ níbi tí kò sí eruku kankan. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n ní kí n lọ bá wọn ra ẹ̀wà wá.